Kí Ọkọ̀ Tó Wọ Pápá: Ohun Ìdáàbòbò Awakọ̀ Nínú Ìje Ẹgbẹ́

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ ìṣirò owó láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì lè di awakọ̀ ìje bí Sátidé bá dé. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ń gbé owó kalẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ra ọkọ̀, òun ló ń ra táyà àti epo, òun náà ló ń san owó ìwọlé. Àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ọkọ̀ ló ń ṣètò ìje bẹ́ẹ̀. Sports Car Club of America, tí wọ́n ń pè ní SCCA, ti wà láti 1944. Porsche Club of America dé ní 1955, National Auto Sport Association sì dé ní 1991. Pápá tí wọ́n ń lò kì í ṣe pápá ọmọdé: Road America ní Wisconsin, Watkins Glen ní New York, Lime Rock ní Connecticut, Mid-Ohio ní ìpínlẹ̀ Ohio. Àwọn tó ń fi ìje jẹun náà ń sáré níbẹ̀, ògiri tó sì yí pápá ká kò mọ ẹni tó ń gbowó yàtọ̀ sí ẹni tó ń náwó.

Ìdí nìyẹn tí ìwé òfin ẹgbẹ́ fi le koko lórí ohun tí awakọ̀ wọ̀. Orí yìí yóò mú yín gba inú òfin náà kọjá, láti àṣíborí títí dé ìbọ̀sẹ̀. General Competition Rules ti SCCA, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pè ní GCR, ni a óò máa tọ́ka sí jù, nítorí òfin àwọn ẹgbẹ́ yòókù kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ń tún òfin ṣe lóòrèkóòrè. Ìwé ti ọdún tí ẹ fẹ́ sáré gan-an ni kí ẹ fi ṣe àṣẹ. Iṣẹ́ orí yìí ni láti jẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí ohun tí ẹ bá kà níbẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání láti ìbẹ̀rẹ̀: ohun ìdáàbòbò kì í dá ṣiṣẹ́. Àṣíborí gbára lé HANS, ìyẹn ohun tó ń di orí àti ọrùn mú; HANS gbára lé bẹ́líìtì, bẹ́líìtì gbára lé ìjókòó àti àgò irin inú ọkọ̀. Ẹni tó bá ra èyí tó wọ́n jù nínú wọn, tó wá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀kan ṣoṣo tó kù, ibi tí agbára ọ̀kan yẹn bá mọ ni ààbò rẹ̀ mọ.

Òfin tí ikú kọ

Ní 1956, awakọ̀ ìje kan tó ń jẹ́ William Snell, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè ní Pete, kú nínú jàǹbá lórí pápá. Ó dé àṣíborí. Àṣíborí náà ni kò lè gba orí rẹ̀ là. Ní 1957, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ ń sáré dá Snell Memorial Foundation sílẹ̀, kí ẹnì kan lè máa dán àṣíborí wò kí ó tó dé orí ènìyàn. Orúkọ òkú yẹn ló wà lórí sítíkà tí olùyẹ̀wò ń wá nínú àṣíborí yín lónìí.

Ní 1981, Patrick Jacquemart, awakọ̀ ìje ọmọ ilẹ̀ Faransé, kú ní Mid-Ohio. Bẹ́líìtì mú ara rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó mú orí rẹ̀ dúró. Awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Jim Downing mú ọ̀rọ̀ náà tọ àna rẹ̀ lọ, Robert Hubbard, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Michigan State University tó mọ̀ nípa bí ara ènìyàn ṣe ń gba ìgbámú. Ohun tí àwọn méjèèjì ṣe ni a mọ̀ sí HANS. Ó pẹ́ kí àwọn awakọ̀ tó gbà á: wọ́n ní ó ń ni wọ́n lára, wọ́n ní kò jẹ́ kí wọ́n yíjú. Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2001, Dale Earnhardt, ọ̀kan nínú àwọn tó gbajúmọ̀ jù ní NASCAR, kọ lu ògiri ní àyípo tó kẹ́yìn nínú Daytona 500. Ìpìlẹ̀ agbárí rẹ̀ fọ́. Kò wọ HANS. Kí ọdún yẹn tó parí, NASCAR ti sọ ọ́ di dandan pé kí awakọ̀ wọ ohun tó ń di orí àti ọrùn mú. Formula 1 ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2003, àwọn ẹgbẹ́ náà sì tẹ̀ lé wọn.

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bí olùyẹ̀wò bá dá yín padà nítorí ọjọ́ orí bẹ́líìtì tàbí nítorí ihò kékeré lára ìbọ̀wọ́, ẹ rántí pé ejò yẹn ti bu ẹgbẹ́ jẹ kí wọ́n tó kọ òfin náà.

Bí a ṣe ń ka lébẹ́ẹ̀lì

Orúkọ mẹ́ta ni ẹ óò máa bá pàdé. Snell wà fún àṣíborí. SFI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1978, ń ṣe ìwọ̀n fún aṣọ, bẹ́líìtì, àwọ̀n fèrèsé àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn. FIA ni àjọ tó ń darí ìje ọkọ̀ lágbàáyé, ó sì ní ìwọ̀n tirẹ̀ fún gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Òfin ẹgbẹ́ sábà máa ń sọ pé “SFI báyìí tàbí FIA báyìí”. Ẹ̀yin lẹ máa yan èyí tó bá yín lára mu.

Ohun tí wọ́n kọ sára páálí tàbí ohun tí ọlọ́jà fẹnu sọ kì í ṣe ẹ̀rí. Lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rán tàbí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ohun náà gan-an ni ẹ̀rí. Ẹ wá nǹkan mẹ́ta lára rẹ̀: orúkọ ìwọ̀n náà, ìpele rẹ̀, àti ọjọ́ rẹ̀. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá ti ya dànù tàbí tí kò ṣeé kà mọ́, ohun náà ti kú lójú olùyẹ̀wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àná lẹ rà á. Nítorí náà, ẹ má ṣe gé lébẹ́ẹ̀lì ọrùn aṣọ ìje nítorí pé ó ń yún yín.

Orí: àṣíborí

Lára àṣíborí Snell, ẹ wo lẹ́tà tó ṣáájú ọdún. M ni ti ọ̀kadà, SA ni ti ọkọ̀ ìje. Lórí àtẹ, wọ́n lè jọra wọn bí ìbejì, kí owó M sì kéré jù. Ṣùgbọ́n iná wà nínú ìdánwò SA, kò sí nínú ti M. Wọ́n tún ń fi SA gbá irin tó rí bí ọ̀pá àgò ọkọ̀ léraléra, nítorí awakọ̀ lè fi orí gbá ọ̀pá kan náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ọkọ̀ tó dúró. Ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀kadà máa ń bọ́ sọnù kúrò lọ́dọ̀ epo àti ẹ́ńjìnnì; awakọ̀ ìje, àárín wọn gan-an ló jókòó sí. Àmì DOT tó wà lára àṣíborí ọ̀kadà nìkan kò tó fún ìje ọkọ̀.

Lẹ́yìn lẹ́tà ni ọdún: SA2010, SA2015, SA2020, SA2025. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni Snell ń tún ìwọ̀n SA gbé jáde, ẹgbẹ́ kì í sì í gba èyí tó ti pẹ́ jù. Èyí tuntun àti ọ̀kan tàbí méjì tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbà. Ẹ̀kọ́ owó wà níbẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n tuntun bá fẹ́ dé, àwọn ọlọ́jà máa ń tẹ owó ti àtijọ́ wálẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pín iye owó náà sí ọdún tí ẹgbẹ́ yín yóò fi gbà á, kí ẹ tó sọ pé ó pọ́ọ́kú. Láti SA2015 ni ojú ihò tí a ń de ìkọ́ HANS mọ́ ti di ara ìwọ̀n náà, èyí sì jẹ́ ìdí mìíràn tí kò fi yẹ kí ẹ lọ sẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Sítíkà Snell máa ń wà nínú àṣíborí, lọ́pọ̀ ìgbà lábẹ́ tìmùtìmù tó gba orí. Ẹ mọ ibi tó wà nínú tiyín kí olùyẹ̀wò tó béèrè.

Bó ṣe bá orí mu ṣe pàtàkì bí sítíkà. Ẹ dé e, ẹ di okùn àgbọ̀n rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì yí i sọ́tùn-ún àti sósì. Awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín gbọ́dọ̀ bá a yí. Kí ẹlòmíràn fi ọwọ́ tì í láti ẹ̀yìn ọrùn sókè. Bó bá ń ṣí kúrò lórí, ó tóbi jù. Ẹ dé e nínú ilé fún ìdajì wákàtí. Bó bá ń tẹ yín níwájú orí lójú kan, kò bá orí yín mu, ó sì máa burú sí i nínú oòrùn. Ẹni tó máa ń di irun, irun tó fẹ́ fi sáré ni kó fi lọ dán àṣíborí wò, torí dídì irun lè yí ìwọ̀n orí padà pátápátá.

Fóòmù inú àṣíborí ń gba ìgbámú nípa rírún. Bó bá ti rún, kì í padà sípò, ojú lásán sì lè má rí i. Àṣíborí tó bá ti gba orí là nínú jàǹbá ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ gé okùn rẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà lò ó.

Ọrùn: HANS àti ẹgbẹ́ rẹ̀

Bí ọkọ̀ bá fi iwájú gbá ògiri, bẹ́líìtì á dá àyà dúró. Orí, pẹ̀lú ẹrù àṣíborí tó wà lórí rẹ̀, á ṣì máa bá eré tó ń sá lọ. Ọrùn nìkan ló kù láti fà á padà, ibẹ̀ sì ni ìpìlẹ̀ agbárí ti ń fọ́. HANS jẹ́ ohun líle tó yí ẹ̀yìn ọrùn ká, tó sì na ọwọ́ méjì wá síwájú lórí èjìká. Bẹ́líìtì èjìká ń gorí ọwọ́ méjèèjì náà. Okùn méjì ló so ó mọ́ àṣíborí. Bí orí bá fẹ́ lọ síwájú, okùn á fà á, HANS á gba agbára náà, bẹ́líìtì á di HANS mú. Orí àti àyà á jọ dúró.

Ẹ tún ọ̀nà tí agbára yẹn gbà kà, ẹ óò rí i pé bí bẹ́líìtì èjìká kò bá tẹ HANS mọ́ ara, HANS di ẹ̀ṣọ́ ọrùn lásán. Ìdí nìyí tí HANS kì í fi bá bẹ́líìtì ojoojúmọ́ inú ọkọ̀ ṣiṣẹ́, èyí tó gba èjìká kan ṣoṣo kọjá. Àwọn oríṣi mìíràn wà tí wọ́n ṣe láti yanjú ọ̀ràn yẹn. Ohun tí ẹ máa wò lára èyíkéyìí ni lébẹ́ẹ̀lì SFI 38.1 tàbí FIA 8858.

HANS ní ìwọ̀n tó bá ọrùn mu, ó sì ní bí ó ṣe dagun sẹ́yìn. Èyí tó dagun ní ìwọ̀n 20 ló bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí awakọ̀ ń jókòó gangan sí mu. Ti 30 wà fún ọkọ̀ tí awakọ̀ ń rọ̀gbọ̀kú sí. Lébẹ́ẹ̀lì SFI 38.1 ń béèrè pé kí a dá a padà fún àyẹ̀wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, torí okùn rẹ̀ ń gbó. Bí ẹ bá fẹ́ sá jáde kúrò nínú ọkọ̀, ẹ má ṣe jókòó máa tú okùn náà. Ẹ tú bẹ́líìtì, kí HANS bá yín jáde lọ́rùn.

Ara: bẹ́líìtì àti ìjókòó

Bẹ́líìtì ìje máa ń di ara mú ní ojú márùn-ún, mẹ́fà tàbí méje. Ti ojú mẹ́fà ni mo gbà yín níyànjú: méjì lórí èjìká, méjì ní ìbàdí, méjì láàárín itan. Àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí ni àwọn tuntun máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Iṣẹ́ wọn ni láti má ṣe jẹ́ kí ìbàdí yọ́ gba abẹ́ bẹ́líìtì lọ síwájú nígbà ìgbámú. Bí ìbàdí bá yọ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́líìtì á gòkè wá sórí ikùn, níbi tí kò sí egungun tó lè gba agbára náà.

Bí a ṣe ń dì í nìyí: ẹ kọ́kọ́ fa ti ìbàdí, kó jókòó sórí egungun ìbàdí gan-an, kó fún dáadáa. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fa ti èjìká lé HANS lórí. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fa ti èjìká, ẹ óò fa ti ìbàdí gòkè sórí ikùn.

Ibi tí wọ́n so ti èjìká mọ́ lẹ́yìn ṣe kókó. Kó lọ tààrà láti èjìká, tàbí kó rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kó má ju ìwọ̀n 20 lọ. Bí wọ́n bá so ó mọ́lẹ̀ jù, bí ara bá ti ń fà á ni yóò máa tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ bẹ́líìtì ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà nílé. Lára ti FIA, wọ́n kọ ọdún tí kò gbọ́dọ̀ kọjá sí i. Lára ti SFI, oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é ni wọ́n lu síbẹ̀, ìwọ̀n SFI fúnra rẹ̀ sì sọ pé ọdún méjì ni. Ẹgbẹ́ kan lè fún un láàyè jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìwé òfin tirẹ̀. Ẹ lọ wò ó. Ẹ má ṣe bínú sí ọjọ́ náà. Oòrùn ń jẹ okùn bẹ́líìtì díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kó hàn lójú, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn níta sì ń pàdánù ju ẹni tó ń tì í mọ́ gáràjì lọ. Bẹ́líìtì tó bá ti wà nínú ìgbámú ńlá náà ti na. Pípààrọ̀ ló kù.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn tó ń lo ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má ṣe de bẹ́líìtì ojú mẹ́fà mọ́ ọkọ̀ tí kò ní ọ̀pá tàbí àgò irin. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, tí òrùlé sì wọlé, ẹni tó wà nínú bẹ́líìtì ojoojúmọ́ ṣì lè wó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́líìtì ìje á dè yín ní ìjókòó gangan, òrùlé á bá orí. Àgò irin ni ó yẹ kó ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ ìjókòó tó ní ihò fún gbogbo okùn, lẹ́yìn náà bẹ́líìtì. Ẹ sì fi fóòmù tó ní lébẹ́ẹ̀lì SFI 45.1 bo gbogbo ọ̀pá tí orí lè dé. Fóòmù rírọ̀ tí wọ́n fi ń bo páìpù ilé kì í ṣe àrọ́pò rẹ̀.

Awọ ara: aṣọ, ìbọ̀wọ́, bàtà

Aṣọ ìje kì í ṣe aṣọ tí iná kò lè jó ẹni tó wọ̀ ọ́. Àkókò ni ẹ ń rà. SFI 3.2A ni ìwọ̀n rẹ̀, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló sì ń sọ iye àkókò náà. Nínú ìdánwò, 3.2A/1 ń fún awọ ara ní ìṣẹ́jú-àáyá 3 kí iná tó jó o dé ìpele kejì, èyí tí ara máa ń lé ròrò. 3.2A/5 ń fúnni ní ìṣẹ́jú-àáyá 10. 3.2A/15, tí àwọn ọlọ́kọ̀ alágbára gan-an ń wọ̀, ń fúnni ní 30. GCR gba 3.2A/1, ṣùgbọ́n ó sọ pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ wọ aṣọ abẹ́ tí iná kì í tètè mú. Ẹni tó wọ 3.2A/5 sókè kò sí lábẹ́ dandan yẹn.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ ra /5, kí ẹ sì wọ aṣọ abẹ́ náà síbẹ̀. Ẹ wo ìṣẹ́jú-àáyá 3: ẹ kà á jẹ́ẹ́ báyìí, kí ẹ ronú ohun tí ẹ lè tú láàárín rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín aṣọ kan àti èkejì ló ń dá ooru dúró, nítorí náà aṣọ tó há mọ́ra pinpin kò dáa tó èyí tó fẹ̀ díẹ̀. Ẹ má ṣe wọ náílọ́ọ̀nù tàbí pọlísítà sábẹ́ rẹ̀, títí kan bùrèsíà àti pátá oníláásíìkì. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ń yọ́ mọ́ ara. Nomex, tí DuPont ṣe, kì í yọ́; bí iná bá bà á, ńṣe ló ń dúdú tó sì ń le sí i. Bí ẹ kò bá tíì rí aṣọ abẹ́ Nomex, òwú tó mọ́ gaara sàn ju náílọ́ọ̀nù lọ, ṣùgbọ́n òwú kò lè rọ́pò ohun tí òfin béèrè.

Ìbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ awọ tàbí aṣọ tí iná kì í tètè mú, kó má ní ihò kankan. Ìbọ̀sẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, kó gùn débi tí ṣòkòtò yóò bò ó mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá jókòó. Bàtà gbọ́dọ̀ jẹ́ awọ tàbí aṣọ tí kì í gbiná. Ìwọ̀n SFI fún àwọn wọ̀nyí ni 3.3. Ẹni tó ní irùngbọ̀n tàbí irunmú, tàbí tí irun orí rẹ̀ yọ jáde lábẹ́ àṣíborí, gbọ́dọ̀ wọ ìbòrí Nomex tó bo orí àti ọrùn, tó fi ojú nìkan sílẹ̀. Mo rò pé gbogbo ènìyàn ló yẹ kó wọ̀ ọ́. Àlàfo tó wà láàárín ọrùn aṣọ àti etí ìsàlẹ̀ àṣíborí kì í béèrè bóyá ẹ ní irùngbọ̀n.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ní Bahrain, ọkọ̀ Romain Grosjean já sí méjì nínú ìje Formula 1, ó sì gbiná. Ó wà nínú iná náà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 28 kó tó gun orí irin jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ni iná jó, nítorí ọwọ́ ló ń fi wá ọ̀nà. Ọkọ̀ wa kò tó tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni àwa náà yóò fi tú bẹ́líìtì. Ẹ má ṣe fi owó ìbọ̀wọ́ pamọ́.

Ẹ máa fọ aṣọ ìje bí ẹni tó ṣe é ti ní kí ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má fi omi ìmúṣọrọ̀ tàbí bílíìṣì sí i, torí wọ́n ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Aṣọ tí epo tàbí gírísì ti ta sí jẹ́ àtùpà. Ẹ má ṣe fi tún ọkọ̀ ṣe.

Ọ̀nà àbájáde: àwọ̀n, ìpaná àti ìdánrawò

Àwọ̀n fèrèsé, tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ SFI 27.1, wà kí apá má baà fò síta bí ọkọ̀ bá ń yí gbirigbiri. Ẹ so ó débi tí ọwọ́ kan ṣoṣo ti lè tú u sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí kò ní òrùlé, okùn ọwọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Bí ọkọ̀ yín bá ní ẹ̀rọ ìpaná tó ń tú láti inú páìpù, wọ́n máa ń fi pín-ìn-nì dè é kó má baà tú nígbà tí ọkọ̀ wà ní ibùdó. Pín-ìn-nì yẹn gbọ́dọ̀ kúrò kí ọkọ̀ tó wọ pápá. Ẹ so aṣọ pupa gígùn mọ́ ọn, kí gbogbo ẹni tó bá kọjá lè rí i pé ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ wá kọ́ bí a ṣe ń jáde. Ẹ wọ ohun gbogbo, ẹ jókòó, ẹ di bẹ́líìtì pinpin, ẹ di ojú yín, kí ẹnì kan wá sọ pé “Iná!” Ẹ tú àwọ̀n, ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ yọ sítíárì bó bá ṣeé yọ, ẹ jáde. Ẹ ṣe é gba ẹnu ọ̀nà yín, kí ẹ tún ṣe é gba ti ẹ̀gbẹ́ kejì, torí ògiri lè ti tiyín pa. Ẹ tún un ṣe títí ọwọ́ yóò fi mọ ọ̀nà láìbéèrè lọ́wọ́ ojú. Ohun tí ẹ ra ti fún yín ní àkókò. Ìdánrawò ló ń kọ́ yín bí ẹ ṣe máa lò ó.

Bí owó kò bá tó ohun gbogbo

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tó ń lọ sí ọjọ́ ìkọ́ṣẹ́ lórí pápá níbi tí kò sí ìdíje, àṣíborí SA, ṣòkòtò gígùn, aṣọ òwú ọlọ́wọ́ gígùn àti bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ sábà máa ń tó fún un. Àṣíborí ni kó kọ́kọ́ ra, kó sì ra èyí tó dáa gan-an, torí ìyẹn ni yóò bá a wọ ìje. HANS ni kó tẹ̀ lé e, torí ó ṣeé lò fún ọdún púpọ̀. Aṣọ àti ìbọ̀wọ́ ni ìkẹta. Bẹ́líìtì ni kó kẹ́yìn, ní oṣù tí ọkọ̀ bá fẹ́ wọ ìje gan-an, torí ọjọ́ rẹ̀ ti ń sáré láti ilé iṣẹ́.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Aṣọ tòkunbọ̀ tó mọ́, tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wà, lè dáa. HANS tòkunbọ̀ lè dáa bí ẹ bá dá a padà fún àyẹ̀wò. Ẹ má ṣe ra àṣíborí tòkunbọ̀ láé: ẹ kò mọ ohun tó ti gbá rí. Bẹ́líìtì náà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ àyẹ̀wò

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi àkọsílẹ̀ yìí yẹ̀ ẹ́ wò:

1. Àṣíborí: sítíkà SA, ọdún tí ẹgbẹ́ gbà, ìkọ́ HANS tó le dáadáa, okùn àgbọ̀n tí kò já.
2. HANS: lébẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ àyẹ̀wò, okùn méjèèjì láìsí ibi tó ṣá.
3. Bẹ́líìtì: ọjọ́ lórí okùn kọ̀ọ̀kan, torí lébẹ́ẹ̀lì máa ń wà lára gbogbo wọn, bọ́ọ̀tù tó dè wọ́n mọ́ ọkọ̀.
4. Aṣọ: lébẹ́ẹ̀lì SFI tàbí FIA, kò ya, kò sí epo lára rẹ̀, síìpù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.
5. Ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀, bàtà, ìbòrí orí, aṣọ abẹ́.
6. Àwọ̀n, ẹ̀rọ ìpaná, ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn.
7. Ìwé ọkọ̀ yín àti ìwé òfin ọdún náà.

Bí olùyẹ̀wò bá kọ nǹkan kan, ẹ má ṣe bá a jà. Òun náà lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ bíi tiyín tó yọ̀ǹda Sátidé rẹ̀ láìgba owó. Ẹ béèrè apá ibi tí òfin náà wà nínú ìwé, ẹ kà á pọ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹnì kan wà ní ibùdó tó lè yá yín ní ohun tó kù. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ẹ óò rí i kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ so ọkọ̀ mọ́ tírélà, ẹ padà sílé, ẹ wá ní oṣù tó ń bọ̀.

Kí ẹ tó kúrò ní pápá lọ́jọ́ àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ọdún, ẹ ṣe ohun kan sí i. Ẹ kọ ọjọ́ ìparí ohun gbogbo sójú ìwé kan ṣoṣo: àṣíborí, HANS, bẹ́líìtì, ìjókòó, ẹ̀rọ ìpaná. Ìwé yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ owó rẹ̀ sọ́tọ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni kí ẹ fi ra táyà àti eré.